Akọ́ṣẹ́-Tíṣà àti Ìgboyà Ọmọ Kékeré Nílẹ̀ Yorùbá

Láyé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìwé nílẹ̀ Yorùbá, inú kíláàsì gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ọmọ tó bá mọ̀wé jù nínú ẹgbẹ́ ni àwọn míṣọ́nnárì máa ń yàn. Á máa kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní ábídí. Tí ilé ìwé bá parí, ọ̀gá á wá kọ́ òun náà ní tirẹ̀. Ohun tó rí lọ́wọ́ ọ̀gá ló ń ṣe: á kọ lẹ́tà sójú pátákó, gbogbo kíláàsì á ké tẹ̀ lé e, pàṣán á sì bá ẹni tó ṣì í pè. Ọmọ tó ń tijú lè fi odidi ọdún ké tẹ̀ lé ẹgbẹ́ láìsí ẹni tó gbọ́ ohùn òun nìkan rí.

Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dá ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láàárín àwọn ọdún 1850. Ọdún Ìfọ́lé, 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n gbé e lọ sí Èkó, ó sì di ti Ọ̀yọ́ ní 1896, níbi tó ti ń jẹ́ St Andrew's College. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1905. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rántí àwọn obìnrin dáadáa: 1928 ni United Missionary College bẹ̀rẹ̀ fún wọn ní Ìbàdàn.

Ibi ìdánrawò ìkọ́ni ni iṣẹ́ ti máa ń le. Akọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ lẹ́sìn nóòtù, kí olùkọ́ rẹ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá wọ kíláàsì, olùkọ́ yìí á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Òógùn á bo akọ́ṣẹ́, àwọn ọmọ á máa wò ó ràn-ùn bí àlejò. Á béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́, kẹ́kẹ́ á pa. Kí ojú má baà tì í, á pe ọmọ tó já fáfá jù, á tún pe ọmọ yẹn kan náà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ ti ń ṣì í, nítorí àwọn yòókù á ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n. Ẹni tó mọṣẹ́ á dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè kó tó pe orúkọ. Á fi ọmọ ayò tàbí òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ wọn ní ìṣirò, á bi onítìjú ní ohun tó dá a lójú pé ó mọ̀, á sì ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, S. O. Awókọ́yà, gbé kalẹ̀ lábẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní January 17, 1955. Ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí á gbé ọwọ́ gba orí kọjá. Bó bá kan etí kejì, ó ti tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954, di 811,432 ní 1955. Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ kò tó nǹkan. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni wọ́n kó kíláàsì kún-ún-kún-ún lé lọ́wọ́, kíké tẹ̀ lé tíṣà sì tún gbalẹ̀. Kò yani lẹ́nu: ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè lé ẹ̀rù kúrò lára ọmọdé.

Ìṣòro kejì wà nínú èdè. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó bá dé kíláàsì kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì á gba ipò rẹ̀, ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ fàlàlà á wá di odi. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní St Stephen's "A", Mọdákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó Ford Foundation. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ mìíràn.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ìjọba fagi lé e.