Pípa Kòkòrò Lára Ohun Èlò Iṣẹ́ Abẹ

Pípa kòkòrò lára ohun èlò iṣẹ́ abẹ ni ètò tí ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé kí abẹ, ẹ̀mú, sísọ́ọ̀sì àti irú wọn tí wọ́n ti lò fún aláìsàn kan má baà kó àrùn ran ẹlòmíràn. Ó ju kí nǹkan mọ́ lójú lásán lọ, nítorí kòkòrò àìfojúrí kankan kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù láàyè lára ohun tí yóò wọ inú ẹran ara.

Ní 1879 ni Charles Chamberland, tí òun àti Louis Pasteur jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ṣe autoclave, ìyẹn ìkòkò irin tí wọ́n dé pinpin, tí oru omi inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, tí ó sì fi ń gbóná kọjá 100°C tí omi tó ń hó lásán mọ. Àwọn kòkòrò kan, bí èyí tó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, máa ń sá pamọ́ sínú èèpo líle tí sísè lásán kò ràn, ṣùgbọ́n oru 121°C fún ìṣẹ́jú 15, tàbí 134°C fún ìṣẹ́jú 3, ń ṣẹ́gun wọn.

Síbẹ̀, fífọ̀ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ oríkèé sísọ́ọ̀sì tàbí eyín ẹ̀mú ń bo kòkòrò mọ́lẹ̀ débi tí oru kò fi ní kàn wọ́n, ìdí sì nìyí tí òṣìṣẹ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ nínípọn fi ń tú ohun tó bá ṣeé tú, tó ń ṣí oríkèé wọn sílẹ̀, tó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n nínú omi ọṣẹ, kí ìdọ̀tí má baà ta sí i lójú, kí ó tó ṣàn wọ́n, kí ó nù wọ́n gbẹ, kí ó sì dì wọ́n. Ẹni tó bá fo èyí, tó gbójú lé ooru nìkan, ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni ló ń fi ṣeré.

Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ìkòkò náà kì í jẹ́ kí oru dé ibi tó wà, nítorí náà ẹrù kò gbọdọ̀ fún pọ̀. Èyí tí aṣọ ìdì rẹ̀ bá sì jáde ní rírin, wọ́n ń tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, torí kòkòrò lè gba inú aṣọ tútù kọjá. Àwọn ohun tí kò lè gba ooru, bíi ti oníke, ni wọ́n ń fi gáàsì ethylene oxide tàbí hydrogen peroxide tọ́jú.

Téèpù tó ń yí àwọ̀ padà lára ìdì kò fi hàn ju pé ooru kàn án lóde. Ẹ̀rí tó dájú jù ni Geobacillus stearothermophilus, kòkòrò olóríkunkun tí ooru kì í tètè pa, tí wọ́n ń fi sáàárín ẹrù: bí ó bá ṣì hù lẹ́yìn náà, gbogbo ohun tí wọ́n jọ wọ ìkòkò ni wọn yóò kó padà, títí kan èyí tó ti dé yàrá iṣẹ́ abẹ.