Gíláàsì àti Iná: Láti Igbó Olókun dé Ọjà Alábà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn gíláàsì nílẹ̀ wa yóò rìn jìnnà. Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn kọ nípa Ifẹ̀ wà lọ́tọ̀, èyí tí àwọn òyìnbó kọ nípa Bídà wà lọ́tọ̀. Ti iná mànàmáná Èkó wà nínú ìwé ìjọba, ti Alábà sì wà lẹ́nu àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Níbi púpọ̀, wọ́n ń ta ko ara wọn. Ohun tó mú mi kó wọn jọ ni Blown Away, ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń fẹ́ gíláàsì gbígbóná. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n fi gíláàsì ṣe iná ilé, ẹnì kan tá a jọ ń wò ó ní Òkòkòmáíkò, ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, ní, "Iṣẹ́ òyìnbó nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́ délẹ̀, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Mo fẹ́ ya òótọ́ inú rẹ̀ kúrò lára irọ́ inú rẹ̀.

Orúkọ nǹkan náà

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú. Dígí là ń pe èyí tí a fi ń wojú àti èyí tó wà lójú fèrèsé. Gíláàsì là ń pe ife tí a fi ń mumi. Níhìn-ín, gíláàsì ni mo ń pe ohun náà fúnra rẹ̀: yanrìn tí iná líle yọ́ títí ó fi ṣàn bí oyin, tó wá le nígbà tó tutù. Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì aláwọ̀ aró tí àwọn àgbà kà sí jù. Àwọn kan ní òun náà ni àwọn oníṣòwò òyìnbó àtijọ́ ń pè ní akori létíkun wa. Àwọn mìíràn ní iyùn ni, àwọn mìíràn ní òkúta ni. Àríyànjiyàn yẹn kò ní tán bọ̀rọ̀, kò sì yí ohunkóhun padà nínú ìtàn yìí. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ifẹ̀: ṣé wọ́n ṣe é ni, àbí wọ́n kàn yọ́ ọ?

Igbó Olókun wà ní apá àríwá Ilé-Ifẹ̀. Olókun tí àwa ará Ọ̀jọ́, tá a sún mọ́ òkun, mọ̀ sí ẹni tó ni omi ńlá, òun náà ni Ifẹ̀ mọ̀ sí ẹni tó ni ìlẹ̀kẹ̀ àti ọlà. Àwọn ará ìlú ti ń wa ìlẹ̀kẹ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ kí àlejò tó débẹ̀. Lọ́dún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ tí ayé wá mọ̀ sí orí Olókun, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ nínú. Dípò kó bi àwọn tó ni ilẹ̀ léèrè, ó kéde pé àwọn ará Atlantis, ìlú tí òkun gbé mì nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni orísun gbogbo rẹ̀. A kò ní dúró lórí ìyẹn.

Àríyànjiyàn tó ní láárí ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbà pé ńṣe ni Ifẹ̀ ń yọ́ gíláàsì tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, pé kò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀ kò burú. Ìlẹ̀kẹ̀ ti ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ìgbà pípẹ́. Iná tó ń yọ́ gíláàsì tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò ní láti gbóná tó èyí tó ń sọ yanrìn di gíláàsì. Àwọn ìkòkò tí wọ́n sì rí kò tóbi. Ẹni tó bá wo gbogbo èyí lè sọ pé àtúnyọ́ lásán ni.

Inú gíláàsì fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí tó wó ọ̀rọ̀ wọn lulẹ̀ ti jáde. Gíláàsì dà bí ọbẹ̀: ẹni tó bá tọ́ ọ wò yóò mọ ilé tí wọ́n ti sè é. Lọ́dún 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren gbé àyẹ̀wò wọn jáde. Wọ́n rí i pé láìmù àti alúmínà pọ̀ gan-an nínú gíláàsì Ifẹ̀. Ti Íjíbítì, ti ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti Yúróòpù kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ àfọ́kù tiwọn ni Ifẹ̀ ń yọ́, adùn tiwọn ni à bá bá nínú rẹ̀. Adùn tí a bá níbẹ̀, ti yanrìn àti òkúta ilẹ̀ wa ni.

Lẹ́yìn náà ni Abidemi Babatunde Babalola wa ilẹ̀ Igbó Olókun, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2017. Ìlẹ̀kẹ̀ tó jáde lé ní 12,000. Àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì pọ̀ níbẹ̀, èérún gíláàsì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ sì wọn ọ̀pọ̀ kìlógíráàmù. Ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, nígbà tí ọkọ̀ àwọn Potogí kò tíì dé etíkun wa. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí kan náà ti jáde ní Gao àti Essouk ní Mali. Ìyẹn ni pé Ifẹ̀ ń ṣe, Ifẹ̀ sì ń tà síta. Lójú tèmi, ẹjọ́ yìí ti tán. Ẹni tó bá tún ń kọ ọ́ lónìí pé àfọ́kù òkèèrè lásán ni Ifẹ̀ ń yọ́, ìwé àtijọ́ ló ń kà.

Àfọ́kù ìkòkò náà tó ká fara balẹ̀ wò. Lẹ́yìn, amọ̀ lásán ni, nípọn, iná sì ti sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú. Yí i padà, inú rẹ̀ ń dán bí ẹni pé omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀: aró níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Níbòmíràn, gíláàsì ti ṣàn dé etí ìkòkò, ó sì dì síbẹ̀ bí omijé tí kò rí àyè bọ́ sílẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tó yẹ ká tún ṣe, pàápàá nítorí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé Ifẹ̀ "fẹ́" gíláàsì. Rárá o. Etíkun Síríà àti Palẹ́sítínì ni fífẹ́ gíláàsì ti bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀rúndún tó ṣáájú ìbí Jésù: wọ́n á fi ọ̀pá oníhò bọ gíláàsì yíyọ́, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, yóò wú bí fèrè àwọn ọmọdé. Ti Ifẹ̀, fífà ni. Wọ́n á mú gíláàsì gbígbóná tó ní ihò láàárín, wọ́n á fà á gùn títí yóò fi di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sì fi iná pa ẹnu gígé náà rẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn. Ìgò kọ́, àtùpà kọ́.

Òṣogbo àti Bídà

Ìwádìí Akin Ogundiran àti Akin Ige, tó jáde lọ́dún 2015, fi hàn pé ìmọ̀ gíláàsì yìí dé Òṣogbo àtijọ́ ní ọ̀rúndún 17 àti 18.

Bídà, nílẹ̀ Núpé, ni a ti ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ gíláàsì tí ojú rí. Masaga ni wọ́n ń pe àwọn agbo ilé tó ń ṣe é. S. F. Nadel, tó gbé láàárín Núpé ní àwọn ọdún 1930, kọ nípa wọn. Iléru amọ̀ wà láàárín ilé yíyípo, àwọn ọkùnrin jókòó yí i ká, ẹnì kan ń fẹ́ ẹwìrì. Oníkálùkù á fi ọ̀pá irin wé gíláàsì yíyọ́, á máa yí i, á sì máa fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di ẹ̀gbà ọwọ́. Bikini ni wọ́n ń pe gíláàsì dúdú tí wọ́n fi yanrìn àti káún ṣe fúnra wọn. Nígbà tí ìgò òyìnbó pọ̀ nígboro, ó rọrùn láti fọ́ ìgò ju kí wọ́n se yanrìn lọ. Wọ́n ní láti Íjíbítì ni àwọn baba ńlá Masaga ti wá. Ìlú wo ni kì í sọ pé láti ìlà-oòrùn ni baba òun ti wá?

Iná láìsí gíláàsì

Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé gíláàsì àti iná àtùpà ò pàdé nílẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Gíláàsì wà lọ́rùn ọba, iná wà nínú amọ̀. Epo pupa àti òwú inú àwo amọ̀ tàbí ti irin ni àtùpà àwọn àgbà. Fìtílà, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, gba ọ̀dọ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Àtùpà kẹrosíìnì tí òyìnbó kó wá ló kọ́kọ́ fi gíláàsì dáàbò bo iná nílé mẹ̀kúnnù, láti ọ̀rúndún 19.

Síbẹ̀, àwọn tí kò lágbára láti ra láńtánnì dá ọgbọ́n tiwọn. Alágbẹ̀dẹ tí ń jó páànù á gba agolo mílíìkì tó ti ṣófo, á lu ihò kan sórí rẹ̀, á jó ọ̀pá páànù kékeré mọ́ ọn, á ki òwú bọ inú rẹ̀, ó parí. Fìtílà agolo yìí ló tàn sórí àtẹ àwọn alátẹ alẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Kò ní gíláàsì, nítorí náà afẹ́fẹ́ ń pa á, èéfín rẹ̀ sì ń sọ imú di dúdú. Ẹni tó bá ra ẹ̀pà lẹ́bàá rẹ̀ ti mu kẹrosíìnì díẹ̀ mọ́ ọn.

Mànàmáná

Àwọn ìwé kan ní ọdún 1896 ni iná mànàmáná dé Èkó, àwọn mìíràn ní 1898. Mo rò pé kò sí ìjà níbẹ̀: ẹni tó ka ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé yóò sọ 1896, ẹni tó ka ọjọ́ tí iná tàn sí títì yóò sọ 1898. Lẹ́yìn náà ni àjọ amúnáwá ECN dé lọ́dún 1950, NEPA rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1972, PHCN rọ́pò NEPA lọ́dún 2005. Lọ́dún 2013, ìjọba ta èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún àwọn aládàáni. Lọ́dún 1964 ni Ben Enwonwu ṣe ère Ṣàngó tó dúró níwájú ilé àjọ iná ní Marina. Kò sí àmì tó bá iṣẹ́ wọn mu ju ìyẹn lọ, nítorí Ṣàngó náà kì í wá lójoojúmọ́. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbà àti ọmọdé fi jọ ń kígbe "Up NEPA!" ní Òkòkòmáíkò títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti kú tipẹ́.

Ọ̀jọ́ àti Alábà

Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀jọ́, ilẹ̀ apẹja àti àgbẹ̀. Ọ̀nà Badagry ló yí i padà. Wọ́n ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé níbi tí a ń pè ní Trade Fair lọ́dún 1977, wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1983. Ní òpin àwọn ọdún 1970, àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Ìgbò, kó wá sí ibi tí a mọ̀ sí Alaba International lónìí. Tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ló sọ ọjà náà lórúkọ, ṣùgbọ́n ìlà àwọn tó ń ta iná ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án. Gbogbo àjà ni ṣáńdẹ́líà rọ̀ sí, wọ́n sì tan gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń ro oníbàárà. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Fọwọ́ kan èyí tó ń dán bíi kírísítálì, wàá rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ rọ́bà ni. Láti Ṣáínà ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá.

Ohun tó dunni ni pé iléru gíláàsì kò jìnnà sí wa. Lójú ọ̀nà Badagry yìí kan náà, ní Agbárá, Beta Glass ń yọ́ gíláàsì láti fi ṣe ìgò ọtí, mínírà àti oògùn. Ìgbókòdá ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní yanrìn funfun tó dára fún gíláàsì. Wọ́n tilẹ̀ dá Oluwa Glass sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí iléru ibẹ̀ ti kú.

Ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n

Blown Away bẹ̀rẹ̀ lórí Netflix lọ́dún 2019. Hamilton ní Kánádà ni wọ́n ti ń ṣe é. Nick Uhas ni olóòtú àkọ́kọ́, Katherine Gray ni adájọ́ àgbà. Deborah Czeresko ló gba ti àkọ́kọ́, Elliot Walker gba ti 2021, John Moran gba ti 2022, Morgan Peterson gba ti 2024. Iná ilé le fún wọn ju àwo lọ, nítorí gílóòbù tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí àṣìṣe sá pamọ́: ibi tó nípọn yóò ṣókùnkùn, ihò wáyà gbọ́dọ̀ bá a mu, ohun tí wọ́n bá sì kánjú mú tutù yóò sán kí adájọ́ tó rí i.

Ẹni tó ní iṣẹ́ òyìnbó ni, òótọ́ ló sọ pé fífẹ́ kì í ṣe tiwa. Nípa gíláàsì, kò tọ̀nà. Ifẹ̀ ti ń se yanrìn di gíláàsì ní ọ̀rúndún 11, nígbà tí kò tíì sí ìlú kankan tó ń jẹ́ Hamilton ní Kánádà. Ohun tí a kò tíì ṣe ni ká gbé iná wọ inú gíláàsì tí ọwọ́ wa fúnra wa ṣe.