Dígí Lásán: Ìtàn Okùn Ìlẹ̀kẹ̀ Kan ní Atakpamé

Ní ọdún 2009, mo sọ gbólóhùn kan nínú yàrá ìyá àgbà mi ní Atakpamé tí mo ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni a ti sin ìyá. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin mẹ́ta, ìyá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, jókòó sórí ẹní, wọ́n tú okùn ìlẹ̀kẹ̀ olóògbé sórí aṣọ funfun, wọ́n ní kí n wá yọ ojúlówó sọ́tọ̀ kí àwọn lè pín ogún. Èmi ni mo kọ́ nípa òkúta iyebíye nínú ẹbí. Mo ti lo ọdún méjì ní Antwerp, mo sì ń bá àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Lomé ṣiṣẹ́: kí wọ́n tó sanwó òkúta, èmi ni mo máa ń dán an wò. Mo mú ìlẹ̀kẹ̀ gígùn kan tó ní àwọ̀ aró, mo fi awò wò ó, mo rí ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Òkúta kì í ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Dígí lásán ni."

Méje ni wọ́n. Nítorí ọ̀rọ̀ mi, wọ́n kó wọn fún ìyá mi tó jẹ́ àbíkẹ́yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n sì mú òkúta pupa. Kí ọdún tó yí po, ìyá mi ti ta mẹ́fà fún ẹnìkan tó ń kiri ra nǹkan àtijọ́, ní iye tí kò lè ra ewúrẹ́ kan. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ìdí tí gbólóhùn mi fi jẹ́ òótọ́, tó sì tún jẹ́ irọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá àgbà, ṣùgbọ́n Kumasi ló ti ṣòwò ìlẹ̀kẹ̀ ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ọ̀fà àti Èjìgbò ṣe ń ṣòwò ní Gánà nígbà náà. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn èèyàn rọ́ gba Aflao wọ Lomé, wọ́n forí lé Nàìjíríà. Ìyá àgbà kò dé ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kan ń ta aṣọ ní Atakpamé, ó ní kí ó yà síbẹ̀ kí ó sinmi. Ìsinmi náà di ogójì ọdún. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ìdí rẹ̀ ló so ó mọ́ lábẹ́ ìró nígbà tí wọ́n ń kọjá ní ẹnubodè. Ọjà yòókù dúró sí Kumasi.

Atakpamé jẹ́ ìlú orí òkè, ó tó nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Lomé. Àwọn onímọ̀ èdè mọ̀ ọ́n nítorí àwọn onílẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń sọ èdè tí à ń pè ní Ifɛ̀ tàbí Ana. Wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣẹ̀ wá. (Àwọn onítàn ogun mọ̀ ọ́n nítorí Kamina tó wà nítòsí, níbi tí àwọn Jámánì ti kọ́ ilé-iṣẹ́ wáyà aláìlókùn ńlá, tí àwọn fúnra wọn sì bà á jẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914 kí ọ̀tá má bàa gbà á.) Ìyá àgbà máa ń sọ pé òun gbọ́ èdè àwọn ará ìlú yìí "bí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì".

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí aṣọ funfun. Àwọn pupa ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ jà lé lórí. Òkúta ni wọ́n lóòótọ́, ọ̀bẹ kò ran wọ́n. Mo gbé wọn sórí refractometer, ohun èlò tó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú òkúta, ó fi nǹkan bí 1.54 hàn, mo wọ̀n wọ́n nínú omi, wọ́n wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 2.6. Ẹbí quartz nìyẹn, èyí tí oníṣòwò òkúta ń pè ní agate, kánẹ́líànì tàbí jásípérì gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti rí. Ìyá àgbà kò ní ju orúkọ kan lọ fún un: làńtànà. Ìlọrin ni a ti ń ṣe é nígbà kan rí. Àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ sọ pé láti Ọ̀yọ́ Ilé ni iṣẹ́ náà ti wá, nígbà tí ìlú náà tú ní àwọn ọdún 1830 sí 1839. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò Hausa ni òkúta ti ń wá láti òkè ọya. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á fi irin tín-ínrín lu ú láti orí méjèèjì títí ihò yóò fi pàdé láàárín, wọ́n á sì fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta pẹlẹbẹ. Bí a bá gbé irú ihò bẹ́ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, a ó rí i pé ó ní àkàsọ̀ kékeré níbi tí irin méjèèjì ti pàdé.

Ṣùgbọ́n mọ́kànlá nínú wọn kò ní àkàsọ̀. Ihò wọn tọ́ gbọnrangandan láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ara wọn sì dọ́gba jù. Irú ìyẹn máa ń wá láti Idar-Oberstein ní Jámánì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará ibẹ̀ ń kó agate láti Brazil, wọ́n ń yan án nínú iná kí irin inú rẹ̀ lè pọ́n, wọ́n ń gé e ní ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nọ́ńbà kan náà ni ohun èlò mi fún gbogbo wọn. Ojúlówó òkúta ni méjèèjì, ọ̀kan kì í sì í ṣe ojúlówó làńtànà.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ kan ọ̀mọ̀wé èdè. *Ojúlówó* kì í dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó ń bá rìn, yálà a pè é tàbí a fi í pamọ́. Ojúlówó wúrà, ojúlówó aṣọ òkè, ojúlówó ọmọ Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn ìyá wa ní kí n yọ "ojúlówó" sọ́tọ̀, mo fi ọ̀rọ̀ tí wọn kò pè kún un lọ́kàn ara mi: òkúta. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá bi ìyá àgbà, *ìlẹ̀kẹ̀* ni ìbá fi kún un, ìbéèrè ìbá sì yí padà pátápátá, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kò bìkítà ohun tí a fi ṣe é. Òkúta ni làńtànà. Egungun ẹ̀dá inú òkun ni iyùn, tí ọtí kíkan bá kàn án yóò máa hó. Èèpo èkùrọ́ ni a fi ń ṣe lágídígba. Àwọn aláwọ̀ ìyeyè tó wà lórí okùn yẹn, ilẹ̀ Krobo ni wọ́n ti wá: ìgò tí a gún lúúlúú, tí a dà sínú àwo amọ̀, tí a fi igi ewé ẹ̀gẹ́ sáàárín rẹ̀ kí ó lè jóná kí ihò sì kù, tí a wá fi sínú ààrò. Kódà "iyùn" mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ rọ́bà. Mo sọ wọ́n sínú omi iyọ̀, wọ́n léfòó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá mọ̀, pé ti àwọn ọmọ-ọmọ ni.

Nígbà tí mo ń kọ ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, *bead*, ni mo ń lò fún gbogbo èyí, mo sì ní láti máa fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un ṣáá. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì bá ìdààmú yìí pàdé láti òdìkejì: nígbà tí wọ́n dé ibi òkúta méjìlá inú Ìfihàn, ọ̀nà tí wọ́n gbà ni láti yá orúkọ wọn wọ Yorùbá.

Ó wá ku àwọ̀ aró. *Sẹ̀gi* ni ìyá àgbà ń pè é. Ẹ wo bí orúkọ yẹn ti ga tó: a fi ń sọ ọmọ, Sẹ̀gilọlá, obìnrin tí I. B. Thomas sì fi ṣe ẹni tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú *Akéde Èkó* láti ọdún 1929 kò jẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọmọ ní Dígílọlá. Èmi tí mo ń jókòó lórí ẹní yẹn mọ orúkọ yìí, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá láti kékeré. Síbẹ̀ mo jẹ́ kí awò mi borí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọ́túgà, kọ ọ́ sínú *Esmeraldo de Situ Orbis* pé ní odò Forcados, àwọn èèyàn òun ń ra ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tó ní ilà pupa, tí a ń pè ní *coris*, wọ́n sì ń gbé e lọ sí São Jorge da Mina láti fi gba wúrà. Àwọn òǹkọ̀wé tó tẹ̀lé e ń kọ *akori*; ní ilẹ̀ Krobo títí di òní, *koli* wà. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn pẹ́ lórí bóyá dígí ni cori tàbí òkúta tàbí iyùn. Lójú tèmi, ìjiyàn náà ń ṣe àṣìṣe tí mo ṣe lórí ẹní: ó rò pé orúkọ gbọ́dọ̀ dúró ti ohun èlò kan ṣoṣo fún ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Ohun tó dúró ni ipò: ìlẹ̀kẹ̀ aró tó níye lórí tó láti fi wúrà rà.

Ọ̀ràn Ilé-Ifẹ̀ ló wá mú mi padà sílé. Leo Frobenius ti rí ìkòkò tí a fi ń yọ́ dígí ní Igbó Olókun ní ọdún 1910, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rò pé dígí òkèèrè ni wọ́n kàn ń tún yọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren fi hàn pé èròjà dígí Ifẹ̀ kò bá ti Yúróòpù tàbí ti àwọn Lárúbáwá mu: ẹfun àti alumina pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn náà Abidemi Babalola gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Olókun, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àwókù ìkòkò àti pàǹtí iṣẹ́, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe dígí fúnra rẹ̀. Irú rẹ̀ sì ti jáde nínú ilẹ̀ ní Gao, ní ìhà Sàhárà. Ọdún 2017 ni mo ka èyí, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lomé, pẹ̀lú oníbàárà lọ́rùn mi. Mo rán ara mi létí ihò afẹ́fẹ́ inú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn: wọ́n gùn, wọ́n sì tò sí apá ibi tí okùn gbà kọjá. Bí dígí gbígbóná ṣe máa ń rí nìyẹn tí a bá fà á gùn kí a tó gé e sí wẹ́wẹ́. Mo ti rí i ní 2009. N kò kà á sí.

Inú agolo Milo ni ìyá mi kó èyí tó kù sí. Mo mú un jáde sí àgbàlá. Lórí àtẹ́lẹwọ́ mi, aró ni. Mo gbé e sókè kí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, ó di àwọ̀ ewé tó ń pọ́n bí òroǹbó. Ìyá mi dúró lẹ́yìn mi.

"Ṣé dígí lásán náà nìyẹn?"

Mo ní, "Dígí ni, mà."

Ìwé tí mo máa ń kọ fún àwọn alágbẹ̀dẹ ní ìlà méjì: ọ̀kan fún ohun tí nǹkan jẹ́, ìkejì fún orúkọ tí wọ́n ń fi tà á. Mo kọ *dígí* sí èkíní, mo kọ *sẹ̀gi* sí ìkejì, mo fún un. Kò kà á. Ó ti gba òkúta pupa méjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń sín sẹ̀gi náà sáàárín wọn, ó so okùn, ó fi eyín já a.