Atọ́ka inú ìwé ìlò ètò kọ̀ǹpútà

Atọ́ka ni àkójọ ọ̀rọ̀ tí a tò ní a-b-d sí ẹ̀yìn ìwé, tí nọ́ńbà ojú ewé tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkóónú iwájú ìwé ń tẹ̀ lé bí òǹkọ̀wé ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Atọ́ka ń tẹ̀ lé ohun tí òǹkàwé ń wá. Kò sì sẹ́ni tó ń ka ìwé ìlò láti orí dé ìdí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti kọṣẹ́, oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣí ìwé ìlò ń wá nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ewé.

Ọwọ́ mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ìwé bébà. Ẹni tó ń wá ìlú rẹ̀ nínú ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, tó lé ní 600 ojú ewé, ẹ̀yìn ni yóò ti ṣí i. Ìwé orí kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀yìn tí ọwọ́ lè bà. Wọ́n á ṣe atọ́ka rẹ̀ dáadáa tán, wọ́n á wá fi líǹkì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àkóónú gígùn tí ojú kì í dé. Òkè gbogbo ojú ewé ló yẹ kó wà. Nínú Info, ètò tí wọ́n fi ń ka ìwé ìlò àwọn ètò kọ̀ǹpútà GNU, bí èèyàn bá tẹ lẹ́tà i, yóò béèrè ọ̀rọ̀ tó ń wá, yóò sì gba inú atọ́ka gbé e dé ibẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Hans Peter Luhn ti ilé iṣẹ́ IBM fi hàn pé kọ̀ǹpútà lè fúnra rẹ̀ to atọ́ka láti inú àkọlé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé nìkan ni ẹ̀rọ ń rí kó jọ. Ẹni tó gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù yóò wo abẹ́ “gbàgbé”, bí òǹkọ̀wé kò bá tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà. Èèyàn ló máa fi í síbẹ̀.

Ní èdè Yorùbá, ètò lẹ́tà ló ń gbé atọ́ka sọnù jù. Àgọ́-Àrẹ, ìlú àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, ní ilé kọ̀ǹpútà fún ará ìlú, InfoCentre, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ká ní a ń kọ ìwé ìlò fún irú ilé bẹ́ẹ̀, tí “Àgọ́-Àrẹ” àti “àgbàdo” wà nínú atọ́ka rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, gb sì jẹ́ lẹ́tà kan tó tẹ̀ lé g. Àgọ́-Àrẹ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kọ̀ǹpútà tó ń to nǹkan bí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi àgbàdo ṣáájú, torí b ṣáájú o. Èyí tó ń tẹ̀ lé nọ́ńbà tí Unicode fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nìkan yóò ju ìlú Ṣakí sẹ́yìn “Yorùbá”, níbi tí ọmọ Ṣakí kò ní wò láé. Ètò tó tọ́ wà nínú CLDR, àkójọ òfin èdè tí ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú. Ẹni tó ń ṣe ìwé ló gbọ́dọ̀ lò ó.

Àwọn kan á ní àpótí ìwárí ti tó. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí a bá ń tẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí “ago are” náà gbé òǹkàwé dé Àgọ́-Àrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ “igba” láìfàmì sí i yóò bá igba, igbá, ìgbà àti ìgbá nínú àdàlú kan náà. Atọ́ka ló máa ń tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ojú fi yan èyí tó fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé ìlò ní Yorùbá, kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ wá Àgọ́-Àrẹ nínú atọ́ka yín. Bí kò bá ṣáájú àgbàdo, ẹ tún un tò.