Ìtọ́jú Ọkàn Afìṣemọ̀rònú Tí Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ẹni Tí Ojú Rẹ̀ Rí Màbo

Afìṣemọ̀rònú tí ó fi gbígbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ojú wọn rí màbo ṣe iṣẹ́, àwọn tí ogun lé kúrò nílé baba wọn, àwọn tí a fipá bá lò pọ̀, àwọn tí a dá lóró nínú túbú, kò lè ṣe kí ó má rù nínú ẹrù náà lọ sílé, nítorí pé etí tí a fi ń gbọ́ ìbànújẹ́ ẹlòmíràn kò ní ìlẹ̀kùn. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1990, ni Lisa McCann àti Laurie Anne Pearlman kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí ń ṣe irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ ju àárẹ̀ lásán lọ: ojú tí ó fi ń wo ayé gan-an ni ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ láti ìgbà pípẹ́ bí a ti ń ba ọmọdé jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ọkùnrin tí ó gbé ọmọ kọ́ èjìká nínú ọjà. Á ti ìlẹ̀kùn tán, á tún padà lọ mì í wò. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan, nítorí pé àṣírí oníṣòro kò ṣeé sọ fún aya. Charles Figley, tí òun fúnra rẹ̀ jagun ní Vietnam, pe irú ìpalára yìí ní àárẹ̀ àánú nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1995.

Èyí tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò ni pé ìpalára náà kì í dúró lára olùtọ́jú. Ní New York, Yael Danieli wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń tọ́jú àwọn Júù tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa Hitler, ó sì rí i pé ìbẹ̀rù, ìbínú àti ìtìjú a máa mú wọn débi pé, nígbà tí aláìsàn bá fẹ́ fọwọ́ kan ojú egbò, wọn a yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn, wọn a sì tipa bẹ́ẹ̀ bá aráyé lọ́wọ́ sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó ti ń pa ẹni náà lára tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan a máa gba àwọn olùtọ́jú níyànjú kí wọn sùn dáadáa, kí wọn sì máa najú, ìmọ̀ràn tí kò burú. Ṣùgbọ́n kí ni oorun yóò ṣe fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń to irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tì í lára láti òwúrọ̀ di ọjọ́rọ̀? Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀; nítorí náà ni Judith Herman, oníṣègùn ọpọlọ, fi tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ ti 1992 pé olùtọ́jú kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Àgbà nínú iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó máa bá a jókòó déédéé, kì í ṣe láti wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, bí kò ṣe láti bi í pé, “Èwo nínú ohun tí o gbọ́ ni kò jẹ́ kí o lè jẹun?” Kí a sì pa ẹjọ́ tí ó wúwo pọ̀ mọ́ èyí tí ó fúyẹ́ fún un, kí a má sì fi ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, tàbí ẹni tí irú láburú bẹ́ẹ̀ ti bá rí, sílẹ̀ láìní alábàárò. Láti 2013 ni ìwé ìlànà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ti gbà pé gbígbọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀ láburú léraléra lẹ́nu iṣẹ́ lè dá àìsàn ọkàn sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú olùgbọ́.

Kì í ṣe òfò nìkan ni ń bẹ níbẹ̀ ṣá o. Ní 2007, Pilar Hernández àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nípa àwọn olùtọ́jú tí ń bá àwọn tí ìjà òṣèlú ṣe léṣe ṣiṣẹ́ ní Kòlóńbíà. Àwọn wọ̀nyí jẹ́rìí pé bí àwọn ti ń rí i tí ẹni tí a wó mọ́lẹ̀ tún ń dìde, bẹ́ẹ̀ ni wàhálà tiwọn ń kéré lójú wọn.