Kóró Òwú: Ohun Tí Wọ́n Ń Dà Nù Tó Di Òróró, àti Oró Tó Wà Nínú Ẹ̀

Àwọn kan ń bi wá pé ṣé àwọn lè máa fún òróró kóró òwú fúnra àwọn nílé, bí wọ́n ṣe ń fún ti ẹ̀pà. Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìtàn kóró yìí, torí inú ìtàn náà ni ìdáhùn wà.

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, irun òwú ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ran án, wọ́n á fi hun kíjìpá. Òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran. Kóró tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ nìkan la máa ń fi pamọ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó Manchester dá British Cotton Growing Association sílẹ̀ lọ́dún 1902, irun òwú yìí náà ni wọ́n ń wá fún ilé iṣẹ́ aṣọ wọn. Wọ́n dán oríṣiríṣi òwú wò ní Moor Plantation n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kòkó sanwó ju òwú lọ, kòkó sì làwọn bàbá wa yàn.

Bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìwọ̀n ọjà yìí. Bí ẹ bá ká 100 kílò òwú lóko, irun rẹ̀ kò ju bíi 40 kílò lọ. Kóró ló kó ohun tó lé ní ìdajì. Òróró inú kóró yẹn sì tó bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ohun tí a kò kà sí ló wúwo jù.

Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi ojú rí èyí dáadáa. Lẹ́yìn tí Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú lọ́dún 1793, kóró pọ̀ lápọ̀jù. Wọ́n ń da òmíràn sódò, wọ́n ń fi òmíràn ṣe ajílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, òróró tó jáde dúdú, ó sì ń rùn. Àwọn oníjìbìtì ń dà á mọ́ òróró ólífì tà fún èèyàn. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni David Wesson wá ọgbọ́n fi ooru omi gbígbóná lé òórùn rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1911, ilé iṣẹ́ Procter & Gamble gbé Crisco jáde, ọ̀rá ìdáná tí wọ́n fi òróró kóró òwú ṣe. Ohun tí wọ́n ń dà sódò ti di ọjà.

Ṣùgbọ́n oró kan wà nínú ẹ̀ o. Ẹ fi abẹ la kóró òwú kan sí méjì, ẹ ó rí àwọn àmì dúdú tíntìntín. Inú wọn ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní gossypol wà. Ohun ìjà òwú ni: òun ló fi ń lé kòkòrò. Àmọ́ kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí èèyàn. Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, àwọn ará abúlé kan ń fi òróró kóró òwú tútù, tí wọn kò fọ̀ mọ́, sebẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, tọkọtaya kò rọ́mọ bí. Ìgbà tí wọ́n wádìí, ara ọkùnrin ni gossypol ti ṣiṣẹ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n tiẹ̀ dán an wò bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lára ọkùnrin tó ju 8,000 lọ. Wọ́n pa á tì níkẹyìn, torí ó ń sọ àwọn kan di aláìlágbára, àwọn mìíràn kò sì lè bímọ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró.

Àwọn olùtọ́ irúgbìn wá ní kí àwọn mú àmì dúdú yẹn kúrò. Lọ́dún 1959, McMichael ní California kéde pé òun rí i lára òwú àwọn Hopi, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà: kóró tí kò ní gossypol. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n oko ló sọ òótọ́. Ewé náà kò lóró mọ́, ni kòkòrò tó ti ń sá fún òwú bá rọ́ wọ oko. Àgbẹ̀ tó ń jẹun lára irun òwú kò lè fara mọ́ ọn.

Ó di ọdún 2006 kí Keerti Rathore ní yunifásítì Texas A&M tó rí i ṣe kí oró kúrò nínú kóró nìkan, kó sì kù sára ewé àti igi. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbìn ín lọ́dún 2018, wọ́n sì fọwọ́ sí jíjẹ rẹ̀ lọ́dún 2019. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ òwú Bt tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2018. Kòkòrò tó ń jẹ èso òwú ni Bt ń bá jà. Gossypol ṣì wà nínú kóró rẹ̀.

Ìdáhùn wa rèé o:

1. Ẹ má fún òróró kóró òwú nílé láti fi dáná. Èyí tó dára fún jíjẹ, ilé iṣẹ́ ló ń fi kọ́sítíìkì sódà yọ oró rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á sì tún fọ̀ ọ́ mọ́.

2. Kóró òwú àti kéèkì rẹ̀ ṣeé fún màlúù tó ti dàgbà ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kó o fún ọmọ màlúù, adìyẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ láì bi àwọn dókítà ẹran.

3. Kóró tí wọ́n ti fi oògùn pa fún gbígbìn, kì í ṣe fún òróró, kì í ṣe fún ẹran.

4. Bí oníbàárà bá wọn òwú yín tòun ti kóró, ẹ rántí pé òróró wà nínú ohun tí ẹ ń tà. Ẹ fi dúnàádúrà.

Òwú mọ ìdí tó fi gbé oró pamọ́ sínú kóró. Kí àwa náà mọ̀ ọ́n ká tó bu òróró síkòkò. Ilẹ̀ á gbè wá o.