Ọjọ́ Ajé tí Sylar Ronú Pìwà Dà

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, New York

Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2010. Oorun ṣì wà lójú ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà, torí alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù tiwọn, Super Bowl, ní Miami, tí New Orleans Saints fi 31 sí 17 na Indianapolis Colts. Ní Washington, yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ti bo títì mọ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì ti àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ pa. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń retí. Alẹ́ yìí ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC fẹ́ gbé apá tó gbẹ̀yìn síísìn kẹrin Heroes jáde, eré nípa àwọn èèyàn tó ní agbára àrà ọ̀tọ̀. Wọ́n pe apá náà ní "Brave New World". Wọn kò tíì mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo eré náà máa parí sí.

Ohun kan ló wà lọ́kàn wọn: ṣé Sylar, apànìyàn inú eré náà, ti yí padà lóòótọ́, àbí ó tún fẹ́ tàn wá jẹ?

Ọ̀sán gangan

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe kò lè mọ ìdí tí inú fi bí àwọn èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Gabriel Gray ni orúkọ rẹ̀ kó tó di apànìyàn. Atún-aago-ṣe ni ní Queens, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú, nítorí pé agbára tí wọ́n bí mọ́ ọn ni láti wo nǹkan kó sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ara aago kan ló ti rí orúkọ náà, Sylar, tó sì fi í pe ara rẹ̀. Látìgbà náà, orí ọmọ èèyàn ló ń ṣí bí ẹni ń ṣí aago, kó lè rí ibi tí agbára ẹlòmíràn wà, kó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó pa Chandra Suresh, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wá a kàn. Ó pa Charlie, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà nílé oúnjẹ kan ní Midland, Texas, ọmọbìnrin tí Hiro Nakamura fẹ́ràn débi pé ó padà sẹ́yìn nínú àkókò nítorí rẹ̀. Ó pa Isaac Mendez tó ń ya ọjọ́ iwájú sórí aṣọ àwòrán. Ó pa Elle, tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọ ilé Claire Bennet, ó ṣí orí ọmọdébìnrin náà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, kò sì kú nítorí pé ara rẹ̀ máa ń wo ara rẹ̀ sàn. Nígbà tó di apá tó jáde lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2009, ó gé ọ̀fun Nathan Petrelli, bàbá tó bí Claire, ẹ̀gbọ́n Peter tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn akọni eré náà.

Ká ní ìpànìyàn nìkan ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn. Ohun tó mú kí ara àwọn òǹwòran le ni pé a ti gbà á gbọ́ rí. Ní síísìn kẹta, ìyá Peter sọ fún Sylar pé ọmọ òun ni. Ó rọ̀ wọ̀ọ̀, ó wọ kóòtù, ó tẹ̀lé Noah Bennet, bàbá tó tọ́ Claire, lọ mú ọ̀daràn. Wọ́n tiẹ̀ fi ọjọ́ iwájú kan hàn wá níbi tó ti di bàbá, tó so épúrọ̀nù mọ́ra, tó ń se oúnjẹ àárọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ẹni tó wo ibẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò yọ́ díẹ̀, ọkàn rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé irọ́ ni ìyá yẹn pa, ni Sylar bá padà sídìí ọ̀bẹ. Àwọn tó ti gbèjà rẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn gbọ́dọ̀ gbé ìtìjú náà mì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi jókòó lálẹ́ ọjọ́ Ajé yìí pẹ̀lú apá kíká.

Kí ilẹ̀ tó ṣú

Ìròyìn jáde lọ́jọ́ náà gan-an pé ìpíndọ́gba àwọn tó wo Super Bowl tó mílíọ̀nù 106.5, àti pé ó ti borí apá ìkẹyìn eré M*A*S*H, tó ti di ipò kìíní mú láti ọdún 1983. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni kò fi sí ohunkóhun lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó borí ìparí eré kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn láti rántí ìyẹn, nítorí pé ó jẹ́rìí sí bí ìtàn ṣe lè mú odindi orílẹ̀-èdè jókòó. Nígbà tí Heroes bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, bíi mílíọ̀nù 14 ló wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ yìí, díẹ̀ ni wọ́n máa fi lé ní mílíọ̀nù 4. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé ti gé síísìn kejì kúrú, ìtàn sì ti lọ́ mọ́ra wọn débi tí ọ̀pọ̀ fi sú. Àwọn tó kù ni àwọn tó rántí gbogbo òkú.

Aago mẹ́jọ alẹ́

Chuck ló wà lórí NBC. Àwọn tó ń dúró de wákàtí tó ń bọ̀ ń tún ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá gbé yẹ̀ wò, nítorí pé apá ọ̀sẹ̀ náà, "The Wall", ni gbogbo ẹjọ́ dá lé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Sylar fúnra rẹ̀ ló lọ bá Matt Parkman, ọlọ́pàá tó lè wọ inú ọkàn èèyàn, pé kó gba gbogbo agbára yìí lọ́wọ́ òun, òun fẹ́ dà bí èèyàn. Matt kò gbà á gbọ́. Ó tì í mọ́ inú àlá, nínú ìlú ńlá kan tí kò sí ẹyọ ọmọ èèyàn kan. Ní tòótọ́, inú yàrá abẹ́ ilé Matt ni ara rẹ̀ wà, Matt sì ń fi bíríkì kọ́ ògiri dí i. Peter ti lálàá pé Sylar ló máa gba ọ̀rẹ́ òun Emma là, ó sì wọ inú àlá náà láti mú un jáde. Ògiri kan dìde sí iwájú wọn. Peter fi òòlù lù ú lójoojúmọ́, kò wó. Nínú àlá yẹn, ọdún ń gorí ọdún. Apànìyàn àti àbúrò ẹni tó pa, àwọn méjèèjì nìkan, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń jà, wọ́n ń dákẹ́. Sylar bẹ̀bẹ̀. Peter kọ̀. Ó tún bẹ̀bẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ó bẹ̀rẹ̀. Ògiri náà wó nígbà tí Peter gbà nínú ọkàn rẹ̀ láti jẹ́ kí ìbínú lọ. Àwọn méjèèjì jí, wọ́n sì rí i pé ọjọ́ kan kò tíì pé tí wọ́n wọlé.

Níbí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí mo gbà pé ohun tó dára jù nínú gbogbo síísìn náà ló wà níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Peter sọ fún Matt pé ọkùnrin yìí ti yàtọ̀. Matt kọ̀ jálẹ̀. Kí ló fẹ́ rí tó fi máa gbà? Lójú tirẹ̀, ní wákàtí mélòó kan sẹ́yìn, apànìyàn kan dùbúlẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilé òun, apànìyàn kan náà ló sì dìde. Sylar yìí kan náà ló ti gbé inú orí Matt rí, tó fi í ṣe ẹrú débi pé Matt mọ̀ọ́mọ̀ mú kí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu òun kó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ipò tí Matt wà ni àwa òǹwòran wà. Peter lo ọdún púpọ̀ pẹ̀lú Sylar, àwa lo wákàtí kan lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, a sì tún yọ ìpolówó ọjà kúrò nínú rẹ̀.

Ìyókù sáré. Eli, ẹni tó lè sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, rán àwọn ẹ̀dà rẹ̀ wá láti pa wọ́n, àmọ́ wọ́n ṣẹ́gun àwọn ẹ̀dà náà. Ní Central Park, Samuel Sullivan ti pàgọ́ àríyá rẹ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kí ayé lè mọ irú ẹni tí àwọn ẹlẹ́bùn jẹ́. (Robert Knepper tó ṣe Samuel ni àwọn òǹwòran Prison Break mọ̀ sí T-Bag. Tó bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀rù máa ń bà mí ju ìgbà tó bá ń pariwo lọ.) Doyle, tó ń darí ara èèyàn bí ọmọláńgidi, ti mú Emma, ó ń fipá mú un ta ṣẹ́lò kí ohùn rẹ̀ lè fa ọ̀pọ̀ èrò sínú ikú. Sylar wọlé bá wọn. Ó ṣẹ́gun Doyle, ó sì tú Emma sílẹ̀. Kò pa Doyle.

Peter bá Samuel fà á, Hiro kó àwọn ará àgọ́ náà lọ, agbára Samuel sì rọ nítorí pé ara wọn ló ti ń rí i. Níkẹyìn, Claire gun kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè, ó bẹ́ sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà àwọn oníròyìn, ó dìde, ó to egungun rẹ̀. Sylar dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peter, ó ń wò ó.

Aago mẹ́wàá alẹ́

Jay Leno bọ́ sórí NBC. Ọ̀la ni ètò alẹ́ rẹ̀ máa parí, kí ìdíje Òlíḿpíìkì ti Vancouver tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn olólùfẹ́ Heroes kò ráyè ti Leno. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ẹ̀hónú tó wọ́pọ̀ jù ni pé ó yá jù. Wọ́n ní àwọn òǹkọ̀wé rí i pé ìparí ti dé, wọ́n sì nílò akọni. Wọ́n tọ́ka sí i pé orúkọ tí wọ́n fún síísìn náà ni "Redemption", bí ẹni pé wọ́n ti kọ ìdáhùn sára ìwé ìdánwò. Ẹ̀yìn àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ni mo wà ní ìdajì ọ̀nà. Ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ni Sylar lọ bá Claire ní yunifásítì rẹ̀, tó sì kọ́kọ́ hàn pé agbára tó ń kó jọ kò fún un ní ẹnì kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn síísìn mẹ́rin tí wọ́n fi ń sin òkú.

Àwọn tó gbèjà rẹ̀ ní kí a yé ka ọ̀sẹ̀. Lójú wọn, ọdún tó lò nínú ìlú òfìfo yẹn jẹ́ ọdún lóòótọ́, ẹ̀wọ̀n ni, ó sì ṣe é. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ń díbọ́n kì í lọ bẹ ọ̀tá rẹ̀ pé kó gba agbára lọ́wọ́ òun. Èyí wọ̀ mí lára. Ohun tó sì mú mi gbà pátápátá ni Doyle. Ìkà ni Doyle, agbára rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí Sylar àtijọ́ ì bá torí rẹ̀ ṣí orí Doyle. Kò sí ẹni tó ń wo Sylar ju Emma lọ, kò sì sí ẹni tó máa bá a wí tó bá pa Doyle. Ebi ọjọ́ pípẹ́ wà nínú rẹ̀, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, ó sì yí ojú kúrò. Mi ò mọ ẹ̀rí mìíràn tí èèyàn tún lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ti yí padà.

Ẹ̀hónú kan wà tí mi ò lè dá lóhùn, òun ló sì yẹ kó gba ìdajì wákàtí yẹn. Ta ló dárí jì í? Peter ni. Peter ní ẹ̀tọ́ láti dárí ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jì í, ó sì san owó rẹ̀ ní ọdún púpọ̀. Àmọ́ bàbá Claire ni Nathan. Orí Claire ni Sylar ṣí. Hiro ni Charlie kú mọ́ lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́. Lóòótọ́, nígbà tí Hiro tún padà lọ sí ọjọ́ yẹn, Sylar ló yọ àìsàn kúrò lórí Charlie, àmọ́ ìdúnàádúrà ló fi ṣe é, àánú kọ́. Mohinder ni ọmọ Chandra. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni bi léèrè. Ní Central Park, Claire àti Sylar wà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà, n kò sì rí ibi tí wọ́n ti bá ara wọn sọ gbèsè náà. Wọ́n rí àyè fún kẹ̀kẹ́ ńlá, fún ìjà, fún àwọn oníròyìn. Ìṣẹ́jú méjì péré ni Claire nílò. Kó tiẹ̀ sọ pé òun kò ní dárí jì í láé, ìyẹn ì bá tó mi.

Nítorí náà, àwọn tó ní ó yá jù àti àwọn tó ní kò yá jù ń ja ìjà lórí aago, nígbà tí ohun tó sọnù jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ìrònúpìwàdà lè dé lójijì. Mo ti rí ẹni tó fi ọtí sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tí kò sì padà sídìí rẹ̀ mọ́. Ìlàjà ni kì í dé lójijì, nítorí pé àwọn tó wà lápá kejì ló ni ín, ìrìn ẹsẹ̀ wọn la sì gbọ́dọ̀ dúró dè.

Ọ̀gànjọ́ òru ní New York. Aago mẹ́fà ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Èkó

Ní Los Angeles, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ní Èkó, ilẹ̀ ń mọ́ lórí ọjọ́ tí àwọn aṣòfin máa sọ Goodluck Jonathan di adelé ààrẹ, ọ̀rọ̀ Sylar kò sì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Tiwa ń bọ̀ lẹ́yìn, lórí àwo tí wọ́n ń tà lọ́jà, odindi síísìn lójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe wò ó, tí "The Wall" parí tí "Brave New World" sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ kankan láàárín wọn. Ó yà mí lẹ́nu pé ó yá sí i lójú mi, mo sì tún gbà á gbọ́ sí i, nítorí pé ohùn ẹ̀bẹ̀ Sylar ṣì wà létí mi nígbà tó wọlé bá Doyle.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n kéde pé kò ní sí síísìn karùn-ún. Nígbà tí Heroes Reborn jáde ní 2015, Zachary Quinto tó ṣe Sylar kò sí nínú rẹ̀, Claire sì ti kú nínú ìtàn náà níbi ìrọbí. Ẹni tó jẹ gbèsè kò yọjú, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè sì ti lọ.